Ẹ̀rín, Ẹ̀sín àti Ẹ̀tọ́ Èsì

Kọ́ńsónáǹtì kan péré ló ya ẹ̀rín kúrò lára ẹ̀sín nínú èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí ọ̀kan ń ṣe láwùjọ jìnnà sí ti èkejì bí ọ̀sán ti jìnnà sí òru. Ẹni méjì tàbí ogún ènìyàn lè jọ rín ẹ̀rín kan náà kí ó sì dùn mọ́ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀sín kò ṣeé jọ pín. Ẹnì kan ni wọ́n máa ń fi ṣe é, ẹni náà nìkan ni yóò sì gbé e lọ sílé. Iṣẹ́ apẹ̀tùsááwọ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń pè láti bá àwọn tó ń jà parí ọ̀rọ̀, yálà nínú ẹbí, nínú ẹgbẹ́ tàbí níbi iṣẹ́, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnì kan ti ń búra pé àwàdà ni òun ń ṣe, tí ẹnì kejì sì ń búra pé wọ́n fi òun ṣẹ̀sín. Àwọn méjèèjì sì lè máa sọ òtítọ́. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé inú gbólóhùn tí wọ́n sọ ni àwọn ènìyàn ti máa ń wá ìyàtọ̀ náà, nígbà tó jẹ́ pé inú àdéhùn tó wà láàárín àwọn tó jọ wà níbẹ̀ ló fara pamọ́ sí: ẹni tó láṣẹ láti fi ẹlòmíràn ṣàwàdà, ibi tó ti lè ṣe é, ìgbà tó lè ṣe é, àti, èyí tó wúwo jù, bóyá ẹni tí wọ́n fi ṣe é ní ẹ̀tọ́ láti fèsì láìjẹ̀bi.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ti ń wo àdéhùn yìí. Marcel Mauss, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1926, ṣùgbọ́n àlàyé tí A. R. Radcliffe-Brown, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe nínú ìwé àtìgbàdégbà Africa ní ọdún 1940 ni ó di èyí tí wọ́n ń tọ́ka sí jù. Ohun tí a lè pè ní ìbátan alááwàdà ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ìyẹn àjọṣe láàárín ẹni méjì tàbí ìran méjì, nínú èyí tí àṣà gbà kí ọ̀kan máa fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́, tí ó tilẹ̀ lè jẹ́ dandan fún un nígbà mìíràn, tí ẹni tí wọ́n fi ṣe é kò sì gbọdọ̀ bínú. Lójú tirẹ̀, irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ kì í hù láàárín àwọn tí ohunkóhun kò pa pọ̀. Ibi tí ìdí wà láti rẹ́, tí ìdí sì wà láti jà, ibẹ̀ ló ti ń hù. Irú àjọṣe yìí kò lè ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó dàgbà nínú agbo ilé Yorùbá. Ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé kò gbọdọ̀ pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọdún méje, nítorí ọkọ ni ọmọ náà jẹ́ fún un. Ìnagijẹ ni yóò fún un, tí ọ̀kan yóò máa jẹ́ Adúmáadán, tí òmíràn yóò máa jẹ́ Eyínafẹ́, tí ọmọ tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ lè máa jẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ́nu rẹ̀ títí ayé. Àwọn ọmọ náà, lọ́kùnrin lóbìnrin, yóò máa pè é ní ìyàwó àwọn, wọn yóò sì máa pàṣẹ fún un bí ọkọ tí kò tíì lè wẹ̀ fúnra rẹ̀. Àjèjì ni ìyàwó yìí, ara ilé sì ni. Bí kò bá sí ẹ̀fẹ̀ ojoojúmọ́ yìí, ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni wàhálà ì bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Mali, sanankuya ni wọ́n ń pe ìbátan alááwàdà, orúkọ ìdílé ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni tí ó kàn: Traoré ló ń bá Diarra ṣe é, Keïta ló ń bá Coulibaly. Bí Traoré bá wọ ọ́fíìsì tó rí i pé Diarra ni akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì, ó lè sọ fún un lójú gbogbo èrò pé ẹrú òun ni, pé ẹ̀wà tó jẹ lánàá ni kò jẹ́ kó ríṣẹ́ ṣe. Diarra yóò sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé Traoré ló ń jẹ ẹ̀wà láti ìran dé ìran, pé ta ló tilẹ̀ gba ẹrú láyè kó wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ẹ̀wà ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́, nítorí pé ẹni tó bá yó ẹ̀wà, ìsó kì í jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ láwùjọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Mandinka gbà pé ayé Sundiata Keïta, ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ni wọ́n ti fi àṣà yìí ṣe òfin, lára Òfin Manden tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní ọdún 2009. Yálà Sundiata ló gbé e kalẹ̀ tàbí òun kọ́, ó hàn gbangba pé ẹni tó gbé e kalẹ̀ mọ ènìyàn dunjú.

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹrú àti ẹ̀wà kò fi di ìjà nínú ọ́fíìsì yẹn, iṣẹ́ William Labov, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ Amẹ́ríkà, wúlò púpọ̀. Ó ṣe ìwádìí nípa bí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní Harlem ṣe ń bú ìyá ara wọn bí eré, ìyẹn ìbúnira tí ó ní ìlànà, tí àwọn òǹwòran yóò sì máa hó yè fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá mú jù. Ohun tí ó rí ni pé irọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí irọ́ ló ń gbé eré náà ró. Bí ọmọkùnrin kan bá sọ pé ìyá ọ̀rẹ́ òun ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, ìbú mìíràn tó tún ga ju ìyẹn lọ ni èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ohun tí ó lè jẹ́ òótọ́, pé ilé wọn kò rí owó san, ẹni tí wọ́n bú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́, yóò máa ṣàlàyé, eré ti parí nìyẹn. Àlàyé kì í ṣe èsì. Nínú ọ́fíìsì Mali yẹn, gbogbo èrò ló mọ̀ pé Diarra kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ní agbègbè Kayes, níwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè kan náà, níbi tí wọ́n ṣì ń ka àwọn ìdílé kan sí ẹrú nítorí ìran tí wọ́n ti wá, tí ìwà ipá sì ti ti ìdí rẹ̀ wáyé, ẹni tó bá sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ìdílé wọ̀nyẹn kò dá àpárá kankan. Ẹnu kan náà ni, èdè kan náà ni, òótọ́ tó wọ inú rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọfà.

Ìbátan alááwàdà kò mọ sí Mali. Ní Nàìjíríà àti Niger, Fúlàní àti Kànúrí ń bá ara wọn ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ará Kánò àti ará Zaria ti ń ṣe láàárín àwọn Hausa. Àwọn ará Tanzania ń pè é ní utani. Ní Burkina Faso, Mossi àti Samo kò lè pàdé kí wọ́n má bú ara wọn lórí orí ajá. Niger gbà kí UNESCO kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2014. Àǹfààní rẹ̀ fún ìlàjà kò sì mọ sí pé ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín: ẹni tó jẹ́ alááwàdà ìdílé kan lè wọ àárín ìjà wọn níbi tí àgbà mìíràn kò lè dé, ó lè sọ òtítọ́ tó korò fún baálé ilé lójú ìyàwó rẹ̀, ó sì ṣòro láti lé e jáde, nítorí pé àṣẹ àwàdà ló mú wọlé.

Síbẹ̀, àwọn kan ti sọ ọ́ di oògùn gbogbo àrùn, pàápàá láwọn ìpàdé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àlàáfíà ní ilẹ̀ Áfíríkà, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ìmùlẹ̀ alááwàdà tí ó gbajúmọ̀ jù ní ilẹ̀ Dogon, ní Mali, ni èyí tó wà láàárín àwọn Dogon àti àwọn Bozo apẹja, tí Marcel Griaule, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, kọ̀wé lé lórí ní ọdún 1948. Ìtàn wọn sọ pé nígbà ìyàn, ọ̀kan gé ẹran itan ara rẹ̀ fún èkejì jẹ, nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn. Ìmùlẹ̀ náà wà níbẹ̀ digbí ní oṣù Kẹta ọdún 2019 nígbà tí wọ́n pa àwọn Fúlàní tí ó lé ní 150 ní abúlé Ogossagou, ní àárín gbùngbùn Mali, nínú ìjà tó ti ń jẹ Fúlàní àti Dogon run bọ̀ láti ọdún mélòó kan. Ìdí tí ìjà náà fi gbóná ni ilẹ̀, omi, ẹran ọ̀sìn àti ìbọn. Afárá kò lè gbé ènìyàn kọjá odò tí wọn kò tẹ́ ẹ lé lórí, àwàdà Dogon àti Bozo kò sì ṣe nǹkan kan fún Fúlàní.

Ní ìlà oòrùn Greenland, níbi tí òtútù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjà láàárín ìdílé díẹ̀ lè di ikú fún gbogbo wọn, inú orin ni àwọn Inuit ti ń jà láyé àtijọ́. Ẹni tí wọ́n bá gba ìyàwó rẹ̀, tàbí tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀, yóò pe ọ̀tá rẹ̀ sí ìdíje ìlù. Àwọn méjèèjì yóò dúró lójúkojú, ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi awọ bò lójú kan ṣoṣo yóò wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọrin, ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò wà lẹ́yìn tirẹ̀, olórin yóò sì máa kọ orin tí ó ti hun sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, nípa bí ọ̀tá rẹ̀ ṣe jẹ́ ọ̀lẹ, bí kò ṣe mọ ẹran ọdẹ pa, bí ìwà rẹ̀ ṣe rí nínú ilé. Ẹni tí wọ́n ń bú kò gbọdọ̀ fi hàn pé ó dun òun. Yóò dúró, yóò máa wò bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ, ó tilẹ̀ lè rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí pé ìlù ń bọ̀ lọ́wọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rín àwọn òǹwòran ni ìdájọ́. Àwọn ìdíje kan máa ń gba ọdún púpọ̀, tí wọn yóò dá a dúró, tí wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún pàdé, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìpànìyàn ni wọ́n gbé wá síbẹ̀ dípò kí wọ́n gbẹ̀san. Kò sí ẹni tó ń bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí àwọn méjèèjì kúrò lójú agbo kí wọ́n sì tún lè jọ gbé. Lójú ẹni tó ti jókòó sí ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ rí, èyí lè dà bí ìwà ìbàjẹ́. Àmọ́ ilé ẹjọ́ tó mọ ẹni tó jẹ̀bi, tí kò sì mọ bí àwọn olùjẹ́jọ́ yóò ṣe jọ pọnmi nínú odò kan náà, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ju èyí lọ.

Irú rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ àwọn Ewe Anlo tẹ́lẹ̀, ní gúúsù ìlà oòrùn Ghana, tí wọ́n ń pè ní haló, kò ní irú òpin bẹ́ẹ̀. Àdúgbò méjì ni yóò máa fi orin àti ìlù bú ara wọn, tí akéwì apá kọ̀ọ̀kan yóò máa wá ìtàn ìran apá kejì kiri, ẹni tó jalè nínú wọn, ẹni tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ ẹrú, ẹni tí imú rẹ̀ tóbi. Èsì wà, òǹwòran wà, ìgbà wà fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi òótọ́ pọ̀ mọ́ àsọdùn, òótọ́ tó jẹ́ àṣírí ìdílé, ó sì ń di ìjà tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi fòfin dè é ní nǹkan bí ọdún 1960. Nítorí náà ẹ̀tọ́ èsì nìkan kò tó. Ohun tí wọ́n fi ń fèsì náà ṣe pàtàkì.

Ohun kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tó fẹ́ kọ gbogbo àlàyé yìí lẹ́nu. Ní Kétu àti káàkiri ilẹ̀ Yewa, òru tó ṣáájú ìran Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ti Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn eégún olórin tó máa ń jáde wá júbà àwọn ìyá, kí ó tó fi orin tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ ìlú, láti orí olówó tó ń rẹ́ni jẹ dé orí ìjòyè. Orúkọ àwàdà gan-an ni eégún yìí ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí eégún náà bá kọrin bú kò ní ẹ̀tọ́ èsì kankan: kò lè gbé e lọ sílé ẹjọ́, kò lè lù ú, kò lè kọrin dá a lóhùn. Báwo ni èyí kò ṣe di ẹ̀sín? Ìdáhùn tó sún mọ́ òtítọ́ jù ni pé Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà. Ohùn ìlú ló ń gbé jáde, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé ó lè kan àwọn náà lọ́dún tó ń bọ̀, kódà ó lè kan ẹbí olórin fúnra rẹ̀. Bí olórin Ẹ̀fẹ̀ bá wá gbowó lọ́wọ́ ẹnì kan láti bú ẹnì kejì, ó ti bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ Òkèbàdàn ní ìlú Ìbàdàn, tí àwọn èwe ń fi orin tí kò ṣeé kọ lọ́jọ́ mìíràn tá ẹni gbogbo, rọrùn láti lóye ju èyí lọ: gbogbo ènìyàn ló ń bú, gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń bú, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì ń mọ́ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan.

Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí àwọn tí kò bá ni ṣe àdéhùn yàtọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje arẹwà obìnrin àgbáyé ní Nàìjíríà, gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi dápàárá nípa Ànábì Mùhámọ́ọ̀dù nínú ìwé ìròyìn kan dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Kàdúná, níbi tí ọgbẹ́ ìjà ẹ̀sìn ọdún 2000 kò tíì jiná. Ó lé ní igba ènìyàn tó kú, wọ́n sì kó ìdíje náà lọ sí London. Àwọn tó kú kò mọ ẹni tó kọ ọ́, òun náà kò mọ̀ wọ́n. Òǹkàwé tí ó fẹ́ rẹ́rìn-ín ni wọ́n kọ ọ́ fún, etí tí kò sí nínú àdéhùn ni ó lọ dún sí.

Níbi iṣẹ́ òde òní, àdéhùn náà kì í ti ìran wá. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló ń hun ún, díẹ̀díẹ̀, láìsọ ọ́ jáde. Donald Roy, onímọ̀ nípa àwùjọ, fi oṣù méjì ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń gé ike ní ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde láàárín ọdún 1959 sí 1960. Yàrá kékeré kan ni, iṣẹ́ náà ń súni bí ẹni ń ka yanrìn. Láràárọ̀, ọkùnrin kan tó pè ní Sammy máa ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo wá sínú àpótí oúnjẹ rẹ̀; láràárọ̀, èyí tó pè ní Ike máa ń jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, yóò kígbe pé àkókò ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti tó, yóò sì jẹ ẹ́ tán lójú Sammy, tí yóò máa bú u pé olè ni. Sammy kò jẹ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn rí. Kò sì dẹ́kun láti máa mú un wá. Ẹni tó bá gbọ́ èyí láti ìta lè ní kí wọ́n fi ọlọ́pàá mú Ike, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ló ń mú àárọ̀ wọn dùn, ẹ̀tọ́ Sammy láti kígbe sì ni èsì rẹ̀.

Nínú yàrá kan náà ni George wà, ẹni tó dàgbà sídìí iṣẹ́ náà jù wọ́n lọ, tí ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan, tó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ àna rẹ̀ yìí yangàn. Ní ọjọ́ kan, Roy àti Ike gbìmọ̀ pọ̀, Roy sì sọ fún wọn pé òun rí ọ̀jọ̀gbọ́n náà, pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn onígbàjámọ̀ ló ti ń kọ́ni. George kò fèsì. Ó bínú sí Ike, ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, gbogbo àwàdà yàrá náà sì kú pátápátá. Àwàdà yẹn kò burú ju olè jíjà ojoojúmọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni méjì ló pawọ́ pọ̀ lé ẹnì kan lórí, ọ̀rọ̀ náà sì lè jẹ́ òótọ́, ibi kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ti ga ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ ni wọ́n sì gbá mú. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé onímọ̀ fúnra rẹ̀, tó wá wo bí ẹ̀rín ṣe ń so àwọn ènìyàn pọ̀, ló fi ẹnu ara rẹ̀ já okùn náà.

Ipò tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Rose Laub Coser, onímọ̀ nípa àwùjọ, ń wo ìpàdé àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, èyí tó kọ jáde ní ọdún 1960, ó rí i pé ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rín ń ṣàn lọ bí omi: àwọn ọ̀gá ló ń dá àpárá jù, àwọn ọmọ abẹ́ wọn ni wọ́n sì fi ń ṣe é, tí àwọn tó kéré jù kì í fi ọ̀gá tó wà níjòókòó ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn obìnrin kì í fi bẹ́ẹ̀ dá àpárá, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹni tó bá wo irú yàrá bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn fèrèsé yóò rò pé inú gbogbo wọn ń dùn. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín lè yí ipò náà padà. Ní ti àwọn Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri nígbà kan, tí wọn yóò sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí tí owó yóò fi jáde, òṣómàáló tí wọ́n fi ń pè wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀sín, ó sì di oríkì lónìí. Ohun tó yí i padà ni pé owó náà wọlé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì jáde nínú rẹ̀, àwọn tó ń jẹ orúkọ náà ló wá gbà á lẹ́nu àwọn tó ń pè é.

Gbogbo èyí máa ń pàdé nínú ilé ìwòsàn ilẹ̀ Bìrìtìkó, níbi tí nọ́ọ̀sì Yorùbá tó ti pé ọmọ àádọ́ta ọdún lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀dọ́ tí ó tó bí lọ́mọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gé orúkọ rẹ̀ kúrú, wọ́n sì ń fi bí ó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kan ṣẹ̀rín nígbà ìsinmi tíì, bí àwọn náà ṣe ń fi bí ẹlòmíràn nínú wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣẹ̀rín, nítorí pé lójú wọn, ẹni tí wọn kò bá fi ṣàwàdà ni wọn kò tíì gbà sínú ẹgbẹ́. Nọ́ọ̀sì náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín ìtẹríba nìyẹn, èyí tí ọmọ Yorùbá tí a kọ́ nílé fi ń bo ojú nígbà tí kò bá fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀, àwọn tó jókòó tì í sì ka á sí ìdùnnú. Lábẹ́ Òfin Ìbádọ́gba ti ọdún 2010 ní ilẹ̀ náà, kì í ṣe ohun tí ẹni tó sọ̀rọ̀ ní lọ́kàn nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe fún iyì ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí pẹ̀lú, nítorí náà àwàwí pé eré ni kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ìgbìmọ̀.

Kí ó tó dé ibẹ̀, apẹ̀tùsááwọ̀ tó gbọ́n kì í bèèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà bóyá wọ́n ní ìkórìíra lọ́kàn. Yóò bi wọ́n ní ìgbà tí nọ́ọ̀sì náà fi wọ́n ṣàwàdà kẹ́yìn. Wọn kì í sábà rántí. Bí ó bá yí i sí nọ́ọ̀sì náà, tí ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́ pé èsì ti ń jáde láti oṣù mélòó kan: òun àti ọmọ Ìbàdàn kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ará ibẹ̀ ní ìnagijẹ, Adúmáadán ni wọ́n ń pe èyí tó funfun jù nínú wọn, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ni ọ̀gá wọn tó rí rọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n sì ń rín ẹ̀rín àríntàkìtì lé wọn lórí ní èdè tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò gbọ́. Tábìlì kan náà ni wọ́n jọ jókòó tì, apá kìíní ń fi apá kejì ṣe tirẹ̀, apá kejì sì ń dá a padà ní èdè tirẹ̀. Iṣẹ́ tó kù fún apẹ̀tùsááwọ̀ ni bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yóò ṣe mọ ohun tó ń jẹ́.